Níbo ni sẹ́ńsọ̀ sípíìdì wà? Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń tún Hilux àti píkọ́ọ̀pù mìíràn ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nínú iṣẹ́, ẹ̀yin ríwáyà tí ẹ ń tún iná mọ́tò ṣe, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn, àti ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ wá bá wa jókòó, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn kò gùn: níbo ni sẹ́ńsọ̀ sípíìdì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ eré tí mọ́tò ń sá fún míìtà, wà lára píkọ́ọ̀pù? Mo lè ní ó wà nídìí gíàbọ́ọ̀sì, kí n sì lọ jókòó. Ìdáhùn yẹn á jẹ́ òótọ́ fún Hilux kan, á sì di irọ́ fún Hilux tí wọ́n gbé tì í. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún lónìí ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò lọ wá sẹ́ńsọ̀ láìkọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí mọ́tò yẹn ń gbà mọ eré tó ń sá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà, ọ̀nà náà ni yóò sìn ín dé ìdí sẹ́ńsọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì n'Íbàdàn fún mọ́tò tí wọn kò fi irú rẹ̀ sí lára rí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó ń ṣẹlẹ̀, owó oníbàárà ló sì ń bá a lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ kan wà níbí tí wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ míìtà mi ti kú ó ti pẹ́, mọ́tò mi sì ń lọ.” Òótọ́ ni, ó ń lọ. Àmọ́ ìròyìn tó ń gbé ọwọ́ míìtà sókè náà ló ń ka kìlómítà. Hilux Vigo onídíísù, ìbáà jẹ́ 2.5, ìbáà jẹ́ 3.0, bẹ́líìtì ló ń lò fún táímìn-ìn-nì ẹ́ńjìnì rẹ̀, iná kékeré kan sì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ T-BELT sí. Iye kìlómítà tí míìtà bá kà ló ń tan iná yẹn nígbà tí àsìkò bá tó láti pààrọ̀ bẹ́líìtì. Bí míìtà bá kú, kìlómítà dúró sójú kan, iná náà kò ní tàn, bẹ́líìtì á sì máa gbó lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnì á di títú palẹ̀. Oní-pẹtiróòlù 2.7 kò ní bẹ́líìtì yìí, ṣéènì ló ní, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnì rẹ̀ àti ọ́ìlì gíà rẹ̀ ńkọ́? Kìlómítà náà la fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a dà wọ́n nù.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ orí waya sẹ́ńsọ̀ sípíìdì kí kìlómítà má bàa lọ sókè, kí wọ́n lè ta mọ́tò náà bí ẹni pé kò tíì rìn púpọ̀. Olè ni. Ẹni tó bá rà á kò ní mọ ọjọ́ orí ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí oníbàárà bá ní kí ẹ bá òun ṣe é, ẹ kọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sínú ọ̀rọ̀. Ní 1902, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Otto Schulze gba ìwé àṣẹ lórí míìtà eré tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo mọ́tò gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gíà kékeré kan wà nídìí gíàbọ́ọ̀sì tó ń yí kébù. Kébù náà gba abẹ́ mọ́tò dé ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń yí mágnẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn míìtà, mágnẹ́ẹ̀tì náà ń fa àwo tí ọwọ́ míìtà so mọ́. Kò sí iná mànàmáná nínú gbogbo rẹ̀. Hilux àkọ́kọ́ jáde ní 1968, ti kébù ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni Hilux sì fi wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àgbà tó wà níwájú yìí ti yọ kébù bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi gíríìsì pa á, wọ́n ti dá a padà.

Ìgbà tí bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, dé inú mọ́tò ni nǹkan yí padà. Bíréènì-bọ́ọ̀sì náà fẹ́ mọ eré tí mọ́tò ń sá, kò sì lè ka kébù. Ohun tí Toyota ṣe ni pé wọ́n yọ kébù kúrò nínú ihò rẹ̀, wọ́n sì ki sẹ́ńsọ̀ bọ inú ihò kan náà. Ẹ di èyí mú dáadáa, nítorí òun ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù lábẹ́ mọ́tò: ibi tí kébù ń wọlé sí lára Hilux àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni sẹ́ńsọ̀ wà lára èyí tó tẹ̀lé e. Gíà oníke kékeré tó ń yí kébù tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pá sẹ́ńsọ̀ ló ń yí báyìí. Bí ọ̀pá náà bá yí lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ńsọ̀ á fi púlùsì mẹ́rin ránṣẹ́, ìyẹn iná kékeré tó ń wá tó ń lọ nígbà mẹ́rin. Mọ́tò tí wọ́n fi ìlànà àwọn ará Japan ṣe, bó bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, ọ̀pá yẹn máa ń yí ní ìgbà 637 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, púlùsì 2,548 ló wà nínú kìlómítà kan. Kíkà ni míìtà ń ka wọ́n, kò sí awo míì níbẹ̀.

Níbo wá ni ihò yẹn wà? Bó bá jẹ́ Hilux tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wa á, ẹ tọ pírópẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn mọ́tò wá síwájú títí ẹ ó fi dé ibi tó ti wọ inú gíàbọ́ọ̀sì. Lára ìrù gíàbọ́ọ̀sì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí nǹkan dúdú kan tí waya mẹ́ta wọ orí rẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dì mú. Nọ́ọ̀tì 10 tàbí 12 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì máa ń bò ó débi pé ojú kò ní rí i.

Bó bá jẹ́ fó-wílì, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa wa á, ẹ má wá a níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì fó-wílì, tírásífà wà, ìyẹn àpótí gíà kejì tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ara tírásífà ni sẹ́ńsọ̀ wà, ní ìhà ibi tí pírópẹ́là ẹ̀yìn ti jáde. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere bí ẹ bá rò ó wò. Bí awakọ̀ bá fa gíà tírásífà sí 4L láti jáde nínú ẹrẹ̀, gíà ìsàlẹ̀ yẹn lára Vigo jẹ́ 2.566. Ìyẹn ni pé ohun tó jáde láti inú gíàbọ́ọ̀sì ń yí ju pírópẹ́là lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ká ní wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ sára gíàbọ́ọ̀sì, mọ́tò tó ń rọra wọ́ ní 20 á máa pe ara rẹ̀ ní 51, á sì máa ka kìlómítà tí kò rìn. Nítorí náà, ẹ̀yìn gbogbo gíà tó lè yí iye rẹ̀ padà ni sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ ìdí yìí kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni fi ìka hàn án.

Ìṣọ́ra kan wà níbi tírásífà. Sẹ́ńsọ̀ nìkan kọ́ ló ní waya níbẹ̀. Súwíìṣì tó ń tan iná fó-wílì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ti nútírà lè wà níbẹ̀, ti iná rìfáàsì sì wà lára gíàbọ́ọ̀sì. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé súwíìṣì ní orí onígun mẹ́fà, sípánà la fi ń yí i jáde bí a ṣe ń yí púlọ́ọ̀gì. Sẹ́ńsọ̀ sípíìdì kì í yí jáde. Ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ rọra mì í, ẹ fà á. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń fi sípánà yí nǹkan, ẹ dúró, kì í ṣe òun. Bó bá sì jẹ́ gíà ọtomátíìkì, ó lè ní sẹ́ńsọ̀ mìíràn lára tí wọ́n fi sí i kí bíréènì-bọ́ọ̀sì lè mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ gíà. Ìyẹn kì í gbé ọwọ́ míìtà sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń tà á ní orúkọ kan náà.

Mo wá dé ibi tí owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. Ọ̀pọ̀ Vigo tó ní ABS, ìyẹn bírékì tí kì í jẹ́ kí táyà há, àti Toyota Tacoma láti 2005, kò ní sẹ́ńsọ̀ tí mo ń sọ yìí mọ́. Táyà ni mọ́tò wọ̀nyẹn fi ń mọ eré. Sẹ́ńsọ̀ ABS tó wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀sì ABS. Bọ́ọ̀sì ABS ṣe ìṣirò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí míìtà. Míìtà ló tún fi ránṣẹ́ sí bíréènì-bọ́ọ̀sì. Ẹ lè nà sábẹ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ kò ní rí sẹ́ńsọ̀ kankan nídìí gíàbọ́ọ̀sì tó ń darí míìtà. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé jáàkì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ wò ó bóyá iná ABS ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ míìtà bá kú, tí iná ABS sì dúró tí kò kú lẹ́yìn tí ẹ sítáàtì, ìdí táyà ni kí ẹ lọ. Ẹ bi oníbàárà bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́ríìn-ìn-nì tàbí bírékì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ti fa waya sẹ́ńsọ̀ já, tàbí kí wọ́n ti ba òrùka tí sẹ́ńsọ̀ ń kà jẹ́, tàbí kí èérún irin láti ara bírékì ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀.

Ó wá ku bí a ṣe ń mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ so síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí bíréènì-bọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀, mọ́ ọn. Nọ́ńbà tí yóò fún yín ni P0500. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti rí P0500, a ti ń wá ẹni tí yóò lọ ra sẹ́ńsọ̀. P0500 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé bíréènì-bọ́ọ̀sì kò gbọ́ ìròyìn eré mọ́. Lára Toyota, sẹ́ńsọ̀ kì í bá bíréènì-bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ tààrà. Míìtà wà láàárín wọn, òun ló ń gba púlùsì, tó ń tún un ṣe kó mọ́ dáadáa, kó tó fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ míìtà àti síkánà jọ sọ fún yín ibi tí ìròyìn ti já. Bí P0500 bá wà, tí ọwọ́ míìtà náà sì kú, ìṣòro wà láàárín gíà àti míìtà: gíà oníke, sẹ́ńsọ̀, waya, tàbí fíùsì. Bí P0500 bá wà, àmọ́ tí ọwọ́ míìtà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀, kò ṣẹ̀. Waya tó ti míìtà lọ sí bíréènì-bọ́ọ̀sì ni kí ẹ tọ̀. Bí ọwọ́ míìtà bá kú, tí síkánà sì ń fi eré hàn yín bí mọ́tò ṣe ń lọ, ọwọ́ míìtà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, ọ̀kan péré ló lè mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta sẹ́ńsọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíùsì. Lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ GAUGE sí ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí orí waya sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú tẹ́sítà oní-nọ́ńbà, kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Waya kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní iná tó tó ti bátìrì, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìkẹta ló ń gbé púlùsì. Bí iná bá wà, tí ẹ́ẹ̀tì sì wà, ẹ fi tẹ́sítà sí ìkẹta láti ẹ̀yìn, kí sẹ́ńsọ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ wá yí táyà.

Ibi yíyí táyà yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, tí ẹ wá fi ọwọ́ yí ọ̀kan, èkejì á máa yí sẹ́yìn, pírópẹ́là kò sì ní yí. Ẹ ó wo tẹ́sítà, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní mì, ẹ ó sì ní sẹ́ńsọ̀ ti kú nígbà tí kò kú. Táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé. Ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé ẹ máa tú hándíbírékì sílẹ̀, ẹ ó sì fi gíà sí nútírà. Kò sí ohun mìíràn tó di mọ́tò yẹn mú mọ́. Bó bá jẹ́ fó-wílì, kó wà ní 2H, níbi tí táyà ẹ̀yìn nìkan ti ń wa á. Ẹ gbé sítáǹdì sábẹ́ áàsù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ wá máa rọra yí táyà náà. Tẹ́sítà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí òdo, kó sì tún gòkè, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ yí i jẹ́jẹ́, torí bí ẹ bá yí i kíákíá, tẹ́sítà kò ní lè bá a.

Bí kò bá mì, ẹ tú sẹ́ńsọ̀ jáde, ẹ dá a padà sí orí waya rẹ̀, kí ẹ fi dírílì yí ọ̀pá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ON. Dírílì tó ń yí bí ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ míìtà dé ẹ̀gbẹ́ 60. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, nítorí ó ń pa àríyànjiyàn. Bí ọwọ́ míìtà bá gòkè, sẹ́ńsọ̀ yín pé, waya pé, míìtà pé. Gíà oníke ló ti jẹ eyín tán, tàbí gíà tó ń yí i nínú gíàbọ́ọ̀sì. Gíà oníke kékeré ni ẹ máa rà, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Ẹ ka eyín rẹ̀ kí ẹ tó rà á, nítorí iye eyín ń yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò gẹ́gẹ́ bí áàsù àti táyà rẹ̀ bá ṣe rí.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ táyà: àwọn tó ń fi táyà gíga sí Hilux kó lè dúró dáadáa, ẹ rántí pé sẹ́ńsọ̀ kò mọ̀. Táyà 265/65R17 ga tó 776 mílímítà. 265/70R17 ga tó 803. Bí míìtà bá sọ 100, mọ́tò ń sá 103 ó lé díẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ tú ohunkóhun.

Mo rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí tọ́kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà níbí. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn mọ́tò yẹn, torí ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ford F-150 ti 1992 sí 1996, orí áàsù ẹ̀yìn ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà, lórí ibi tó wú láàárín, níbi tí pírópẹ́là ti wọlé. Ti bírékì ABS ẹ̀yìn ni, òun náà ni míìtà ń kà. Chevrolet Silverado tó ti 1999 títí dé 2006 súnmọ́ Hilux díẹ̀: ìrù gíàbọ́ọ̀sì bó bá jẹ́ tú-wílì, ẹ̀yìn tírásífà bó bá jẹ́ fó-wílì. Àmọ́ waya méjì péré ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ní. Kò ní iná tó ń ti bátìrì wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá iná tirẹ̀, bí òrùka eyín 40 ṣe ń kọjá níwájú mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá wá iná bátìrì lórí waya yẹn tì, tó wá ní waya ti já, ó ti ṣìnà. Ẹ yí tẹ́sítà sí AC, kí ẹ jẹ́ kí táyà yí, iná kékeré náà á máa gòkè bí táyà bá ṣe ń yí kíákíá sí i.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lẹ́yìn èyí, méjì nínú wọn tọ́ kí n kọ sílẹ̀. Ríwáyà kan béèrè ìdí tí ọwọ́ míìtà mọ́tò akérò kan fi ń gbọ̀n, tó ń fò sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ó ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti so ẹ̀rọ adín-eré-kù tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń béèrè mọ́ ọn, tàbí tírákà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń gba ìròyìn lára waya púlùsì, àwọn tó ń so ó sì máa ń bó waya náà, wọ́n á fi ọwọ́ lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á we téèpù lé e. Omi òjò kan, eruku kan, ó ti tú. Kó wá ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, kó gé e, kó jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, kó sì bò ó dáadáa.

Ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọdébìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, béèrè ìdí tí orí waya sẹ́ńsọ̀ tó tú fi kún fún ọ́ìlì. Ìbéèrè rẹ̀ dára púpọ̀. Ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì ni. Inú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì ti gba kọjá, sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì fọ orí waya náà kó gbẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ihò ni ọ́ìlì ti ń jáde ní tirẹ̀, rọ́bà róbótó tó yí sẹ́ńsọ̀ ká ló ti gbó. Tuntun ni kó fi síbẹ̀ nígbàkígbà tó bá ti yọ sẹ́ńsọ̀, kó fi ọ́ìlì pa á kó tó tì í wọlé kó má bàa ya. Kó sì yẹ ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì náà wò kí mọ́tò tó kúrò nílẹ̀, nítorí èyí tó ti ń jò jáde láti ọjọ́ yìí, ẹnìkan kò tíì dá a padà.